Kọ̀ǹpútà géèmù fún ọmọ méjì, nílé tí iná ti ń ṣe ségesège

Ìdílé tí mo fẹ́ kọ nípa wọn yìí ń gbé ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8. Mo gbàyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́, mo sì fi orúkọ wọn pamọ́. Iṣẹ́ wọn ni mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń to kọ̀ǹpútà, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà rẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá, ara ògiri ló wà.

Nígbà tí bàbá wọn máa fi dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti náwó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkúnbọ̀ kan dání, irú Dell OptiPlex pẹlẹbẹ tó kún orí tábìlì àwọn báńkì, ó sì fi káàdì graphics kan, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù sójú monitor, sínú ọ̀rá dúdú. Ó ní, "Ẹ bá mi ki eléyìí bọ inú eléyìí, kí àwọn ọmọ yìí lè jẹ́ kí n gbádùn."

Kò ṣeé kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti tú irú OptiPlex bẹ́ẹ̀ rí yóò ti mọ ìdí. Casing rẹ̀ tín-ín-rín, káàdì tí wọ́n dìídì ṣe ní kúkurú nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Power pack rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún un, kò ju 180 watt lọ, ti Dell fúnra rẹ̀ sì ni: ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, èèyàn kò lè ra òmíràn lọ́jà kó fi pààrọ̀ rẹ̀. RAM (mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́) ẹyọ kan ṣoṣo, 8 GB, ló wà nínú rẹ̀. Processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ Core i5-6500, Windows 11 kò sì gba irú rẹ̀, torí láti ìran kẹjọ Intel ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú dúró lórí Windows 10. Kọ̀ǹpútà yẹn dára fún ìwé títẹ̀. Ibẹ̀ náà ló padà lọ, sí ọ́fíìsì bàbá.

Káàdì yẹn gan-an ló gba àkókò wa. GTX 1050 Ti, 4 GB, ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ti wáyà monitor àtijọ́, mo rọra gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà tí NVIDIA ti gbé ìran GTX 10 jáde ni wọ́n ti yọ VGA kúrò lára rẹ̀. 1050 Ti tòótọ́ kò ní ihò yẹn. Bàbá kò gbà. Ó ní nígbà tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ òun, GTX 1050 Ti ni Windows kọ sójú rẹ̀ gbangba. Òótọ́ ló sọ, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń yí BIOS, ètò kékeré tó ń jí káàdì, padà kó lè máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. A gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń dán nǹkan wò, a ṣí GPU-Z, ètò tí a fi ń yẹ káàdì wò, ó sì kọ FAKE síwájú orúkọ náà. Chip ti GTS 450 ló wà nínú rẹ̀, káàdì ọdún 2010. A ṣí géèmù kan lé e lórí, ojú monitor ṣú dùdù. Mo jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, ẹni tó tà á fún un dá ìdajì owó padà.

Kò pẹ́ tó tún dé, ìwé kan ló mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan ló bá a kọ ọ́: processor Core i7, káàdì graphics RTX 3060, RAM 32 GB, casing onígíláàsì tí iná aláràbarà ń tàn yípo nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀ tí a bá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé géèmù wo ni àwọn ọmọ ń ṣe. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ni." Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń fún wa nìyẹn, kò sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ọjà. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì mú wọn wá lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń ṣe géèmù báyìí dání."

Ọjọ́ Sátidé yẹn ni iṣẹ́ náà yí padà. Lápítọ́ọ̀pù ìyá wọn ni ẹ̀gbọ́n ń lò, tábúlẹ́ẹ̀tì ni ti àbúrò. Mo ní kí wọ́n máa ṣeré wọn bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Minecraft ni ọmọkùnrin ṣí. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ wọ inú settings, ó sì fa bí ojú ṣe ń ríran jìnnà nínú géèmù náà wálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Tí mo bá gbé e sókè, á máa fà, Ọ́ńkù." Òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè gbé, ó sì ti bá a ṣe àdéhùn. Ó tún sọ fún mi pé ọmọ àǹtí òun tó wà ní Manchester ni àwọn jọ ń kọ́ ìlú kan, àti pé Xbox ni ìyẹn fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló pinnu irú Minecraft tó máa lò: Bedrock ni ti Xbox, ẹni tó bá wà lórí Java, irú Minecraft kejì, kò sì lè bá a pàdé. Ojú Roblox ni àbúrò wà ní tirẹ̀, ilé ló ń tò. Nígbà tí a gbé keyboard ńlá síwájú rẹ̀, ó dìde dúró lórí àga kí ìka rẹ̀ lè kan Shift àti W lẹ́ẹ̀kan náà.

Minecraft Bedrock àti Roblox. Kò sí èyí tó nílò RTX 3060 nínú méjèèjì. Mo pe bàbá, mo sọ fún un, ó sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ball ńkọ́?" Ball wo? Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. EA Sports FC ni ọ̀gá ní lọ́kàn, òun ló sì fẹ́ ṣe é lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa wádìí dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń ra kọ̀ǹpútà géèmù fún ọmọ, ọmọ kan máa ń wà níbẹ̀ tó ti hu irùngbọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Ó kàn yẹ kí ohun tó fẹ́ wà nínú ìwé ni.

Ìyá wọn náà béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, pé kí ló dé tí wọn kò kúkú ra Xbox fún wọn bíi ti ọmọ àǹtí wọn. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ géèmù nìkan ni, kó rà á, owó rẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Scratch, tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, níléèwé, iṣẹ́ àṣetiléwá sì máa ń wà lórí ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí.

Kí n tó mú bírò, mo béèrè nípa iná. Àdúgbò wọn kò sí nínú Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, inverter ló ń gbé ilé, 24 volt, pẹ̀lú bátìrì olómi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 Ah. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì méjèèjì jọ jẹ́ nǹkan bíi 4,800 watt-hour lórí ìwé. Irú bátìrì yẹn kì í pẹ́ láyé tí a bá ń fà á kọjá ìdajì, nítorí náà 2,400 ni ilé yẹn ní láti ná lálẹ́ ọjọ́ kan, kí fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù jọ pín in. RTX 3060 nìkan lè jẹ tó 170 watt. Tí a bá fi Core i7 àti ìyókù kún un, 300 watt kò jìnnà. Wákàtí mẹ́rin géèmù lọ́jọ́ ìsinmi jẹ́ 1,200, ìyẹn ìdajì gbogbo ohun tí ilé ní. Tí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ nǹkan bíi 100 watt, 400 péré ni. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà, mo fi han bàbá, a kò sì tún sọ̀rọ̀ nípa RTX 3060 mọ́.

Ohun tí a rà nìyí. Ryzen 5 5600G ni processor: core mẹ́fà, 65 watt, graphics tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà a kò ra káàdì kankan. Motherboard (pátákó tí gbogbo rẹ̀ jókòó lé) B450 kékeré tòkúnbọ̀, RAM DDR4 ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 GB, SSD NVMe 500 GB láti fi kó fáìlì pamọ́. Mo mọ̀ pé AM5, ìran motherboard tó tẹ̀ lé èyí, ti jáde láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n DDR5, irú RAM tuntun, nìkan ló ń gbà. Ní ti ọmọ ọdún 11 tó ń ṣe Minecraft, n kò rí ohun tí owó yẹn fẹ́ rà. N kò kọ iye owó síbí torí bí dọ́là bá ti yí padà, irọ́ ni yóò dà.

Ọ̀rọ̀ RAM yìí gba àlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó irú kọ̀ǹpútà yìí jọ ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Graphics tó wà nínú processor kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀. RAM kọ̀ǹpútà ló ń yá lò. Ẹyọ kan DDR4-3200 lè gbé 25.6 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹyọ méjì tí a fi sí ihò tó tọ́ yóò gbé 51.2 GB. Òǹtajà fẹ́ tà wá ní ẹyọ kan 16 GB, ó ní ẹ̀dínwó wà níbẹ̀, pé ohun kan náà ni. Fún ẹni tó ní káàdì graphics, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè má tó nǹkan. Fún 5600G, ó dà bí ìgbà tí a ti ìlẹ̀kùn kan pa nínú méjì nílé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi yọ ẹyọ kan kúrò kó sì ṣí Minecraft, kó rí i fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dá a padà.

Power pack ni mo tún bá bàbá jiyàn lé lórí. Èyí tó bá casing wá lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n kọ 500 watt sí lára, ó sì fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì. Èyí tí a rà jẹ́ 450 watt, 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), ó sì wúwo jù ú lọ dáadáa. Fún ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ má ti dín owó. Ní ti casing, onírin la mú dípò onígíláàsì, nítorí ọmọ ọdún 8, a sì wá èyí tó ní àwọ̀n tí èèyàn lè yọ fọ̀ nígbà ọyẹ́. Fáànù kan tó ń tan iná aláràbarà la fi síwájú rẹ̀. Watt díẹ̀ ló ń jẹ, àwọn ọmọ sì fẹ́ ẹ. N kò rí ìdí tí àgbàlagbà fi máa fi ìyẹn du ọmọdé. Fún àbúrò, a ra keyboard kékeré tí kò ní apá nọ́ńbà.

A to gbogbo rẹ̀, a tan án, fáànù ń yí, monitor kò sì fi nǹkan kan hàn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti ń sọ pé processor ti kú. Kò kú. Motherboard B450 jáde ní 2018, 5600G jáde ní 2021. BIOS tó wà lára motherboard náà kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. A yọ 5600G, a fi Ryzen 3 àtijọ́ kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, a fi flash drive gbé BIOS tuntun wọlé, a sì dá 5600G padà. Ó tàn lọ́gán. Lórí mítà, kò kọjá nǹkan bíi 100 watt nígbà tí Minecraft ń lọ. Ball náà ń lọ, tí a bá fa àwòrán rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

A gbé e lọ sílé wọn. A ṣí àkáǹtì ọmọdé méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ Microsoft Family Safety, kí ìyá lè máa ka wákàtí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n má baà jẹ àkókò àbúrò mọ́ tirẹ̀. A ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pa lórí Roblox àbúrò, ìyá nìkan ló sì lè ṣí i padà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìyá pè. "Ẹ̀rọ yín yìí kò dára o. Ó ń kú fúnra rẹ̀." Ìlú tí ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àǹtí rẹ̀ ti ń kọ́ kò ṣí mọ́, Minecraft ní fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun ló ń fọwọ́ kan ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti gba àsìkò géèmù lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ọmọ yẹn ń sunkún nígbà tí mo dé, ó ní òun kò dé ẹ̀bá ibẹ̀ rárá.

Mo ní kí wọ́n fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnì kan lọ pa switch NEPA nídìí mítà. Tẹlifíṣọ̀n kò mira. Fáànù kò dúró. Kọ̀ǹpútà kú. A dá iná padà, a tún pa á, ó tún kú. Inverter ló yẹ ká bi. Mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń yan irú iná tó máa gbà wọlé, mo sì rí APL, ipò tó wà fún àwọn ẹ̀rọ ilé lásán, níbẹ̀. Bí àwọn tó wá gbé inverter yẹn kalẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, torí bó ṣe máa ń wá láti ilé iṣẹ́ ni. Ní ipò APL, inverter lè lo nǹkan bíi 20 millisecond kó tó ti iná NEPA sórí bátìrì. Power pack kọ̀ǹpútà kì í sábà lè di èémí mú ju nǹkan bíi 16 lọ tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fíríìjì àti fáànù kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo sún un sí UPS, ipò tó wà fún kọ̀ǹpútà, níbi tó ti jẹ́ nǹkan bíi 10. A pa switch léraléra, kọ̀ǹpútà kò kú. Bàbá pe ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dá àsìkò rẹ̀ padà fún un.

Mo rò pé a ti parí. Kò pẹ́ tí wọ́n tún pè: bátìrì ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ NEPA wà. Ohun tí ipò UPS ń fi ọwọ́ kan fúnni ló ń fi ọwọ́ kejì gbà. Ní ipò APL, inverter yìí máa ń gba iná NEPA tó bá tiẹ̀ lọ sílẹ̀ tó 90 volt. Ní ipò UPS, tí iná bá ti wá sísàlẹ̀ 170, ó ti kọ̀ ọ́ nìyẹn, á gbé ilé sórí bátìrì. Mo fi mítà wọn iná wọn lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé tí wọ́n sì ti tan nǹkan wọn: 158. Inverter rò pé kò sí iná rárá.

Bàbá fẹ́ gbé sítẹ́bíláísà fíríìjì wá síwájú inverter. Kò lè gbé e. Inverter tó ń gbé ilé tó sì ń fi iná kún bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà nílò èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, owó rẹ̀ sì tó nǹkan. A dá inverter padà sí APL fún ìyókù ilé, a sì ra UPS kékeré 650 VA kan, àpótí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, fún kọ̀ǹpútà àti monitor rẹ̀ nìkan. Irú UPS bẹ́ẹ̀ kì í gbé iná tó mọ́ gaara jáde, àwọn power pack kan sì máa ń kọ̀ ọ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù la ti kọ́kọ́ so ó mọ́ power pack irú kan náà, tí a fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tí géèmù wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó gbà la tó gbé e lọ. Mo kọ́ ẹ̀gbọ́n bó ṣe máa fi Export World kó ìlú rẹ̀ sórí flash drive lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ti tẹ́lẹ̀ kò padà mọ́.

Láti ìgbà náà, bébà tí a fi ń gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ti yí padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iná: volt mélòó ló ń wọlé lálẹ́, inverter wo, APL ni àbí UPS, kí ló tún wà lórí bátìrì. Ìkejì ni géèmù, ta ni wọ́n sì jọ ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ wo. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni a sì ń bi. Processor wà nísàlẹ̀ bébà. Tí iṣẹ́ bá ti délé, a kì í gba ìyókù owó wa kí a tó pa switch ìdí mítà lójú oníbàárà.

Ní ti káàdì graphics, ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé òun fẹ́ máa gba fídíò géèmù òun sílẹ̀, bàbá sì ń fi ball lọ́ mi lọ́rùn. RX 6400 ni àwọn kan á kọ́kọ́ dábàá torí pé 53 watt péré ló ń jẹ. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ní 5600G. Ojú ọ̀nà mẹ́rin péré ni káàdì yẹn ń lò lórí PCIe, ihò tí a ń ki káàdì bọ̀, 5600G kò sì kọjá PCIe 3.0, nítorí náà agbára rẹ̀ á dínkù. Kò sì ní ẹ̀yà tó ń gba fídíò sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún wọn ni GTX 1650, èyí tó jẹ́ 75 watt tí kò nílò wáyà lọ́tọ̀ láti ara power pack. Kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì inverter náà, torí omi inú ọ̀kan ti ń tètè gbẹ ju ti èkejì lọ.